Ẹ̀rí Tí Àwùjọ Fọwọ́ Sí

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí dá lórí àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn tó ń kọ̀wé nípa igbó, odò, òkun, ẹyẹ àti ẹranko. Bí èèyàn bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan kó owó jọ, wọ́n yan adájọ́, wọ́n sì fi mẹ́dààlì sí ẹnìkan lọ́rùn nítorí pé ó kọ ìwé nípa ẹyẹ, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé iṣẹ́ àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ nìyẹn. Igi ń wó lójoojúmọ́, ẹranko ń tán lọ, ẹ wá jókòó, ẹ ń pín ẹ̀bùn ìwé! N kò ní fi ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ gidi kan tó ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún sì ju ti owó àti òkìkí lọ. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa igbó ń jẹ́rìí fún ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Erin kò lè wá sí kóòtù wá rojọ́. Bí ẹlẹ́rìí rẹ̀ bá purọ́, ta ni yóò já irọ́ náà? Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé àmì-ẹ̀yẹ tó tọ́ ni èyí tí àwọn adájọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń bi òǹkọ̀wé pé, ‘Ṣé òótọ́ ni?’ kí wọ́n tó bi í pé, ‘Ṣé ó dùn?’ Níbi tí wọ́n bá ti gbé ìbéèrè kejì ṣáájú èkíní, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n ń pín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn àmì-ẹ̀yẹ tó ti pẹ́ jù lórí irú ìwé yìí wà. Orúkọ John Burroughs ni wọ́n fi ń pè é. Ọmọ àgbẹ̀ ni Burroughs. Agbègbè òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n bí i sí ní 1837, ó sì fi èyí tó pọ̀ nínú ayé rẹ̀ kọ àròkọ nípa ẹyẹ, oko àti igbó tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1921, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, láti 1926 sì ni ẹgbẹ́ náà ti ń fi mẹ́dààlì dá àwọn òǹkọ̀wé lọ́lá. William Beebe, onímọ̀ nípa ẹranko, ló kọ́kọ́ gbà á. Mẹ́dààlì ni o, kì í ṣe àpò owó. Ká tó lè mọ ohun tí mẹ́dààlì yìí dúró fún, ìjà kan wà tí Burroughs jà nígbà ayé rẹ̀ tó yẹ ká gbọ́.

Ní 1903, Burroughs kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Atlantic Monthly. Ó fi àròkọ náà na àwọn kan lẹ́gba ọ̀rọ̀, àwọn tó ń kọ ìtàn ẹranko tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn òǹkàwé pé ohun tí ojú àwọn rí gan-an ni. Ernest Thompson Seton wà lára àwọn tó dárúkọ, William Long náà sì wà níbẹ̀. Láti 1898 ni ìwé Seton nípa àwọn ẹranko ìgbẹ́ tó ní òun mọ̀ ti ń tà bí ìgbà tí wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ìkookò àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú rẹ̀ sì ń ronú, wọ́n ń pète, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ bí ọmọ èèyàn. Ti Long tún wá kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1903 yẹn kan náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyẹ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ bu amọ̀ létí omi, ó fi di ẹsẹ̀ ọ̀hún, ó sì dúró dè é kó gbẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń to eegun ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn jákèjádò ilẹ̀ wọn. Nígbà tó di 1907, Theodore Roosevelt tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà dá sí i ní gbangba, ó sì pe irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ní ayédèrú. Kí ààrẹ orílẹ̀-èdè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó wá máa jiyàn lórí ẹsẹ̀ ẹyẹ! Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀yìn ìjà náà yọ. Seton kò jókòó kó máa ṣépè. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń kó àkọsílẹ̀ jọ, ó ń ya àwòrán àwọn ẹranko, ó ń ya ilẹ̀ ibi tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ń gbé sórí máàpù. Ó tẹ ìwé méjì kan tó kún fún ẹ̀rí jáde ní 1909. Láti 1925 ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apá kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀, Lives of Game Animals, síta. Ní 1927, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Burroughs, ìyẹn ọkùnrin tó ti pè é ní elékèé, fún Seton ní mẹ́dààlì Burroughs. Àríwísí ló ṣíwájú, iṣẹ́ tẹ̀lé e, ẹ̀yìn wọn ni ọlá tó dé. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ dá irú ẹ̀bùn yìí sílẹ̀ níbikíbi láyé, bí ọlá náà ṣe gbọ́dọ̀ máa rìn nìyẹn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé mo wá fẹ́ pa ìtàn rẹ́ ni? Ṣé irọ́ ni Ìjàpá tó ń sọ̀rọ̀ nínú ààlọ́ wa ń pa? Rárá o. Ẹni tí wọ́n pè ní ‘Ààlọ́ o’ tó sì dáhùn ti mọ ohun tó ń bọ̀. Kò sí apààlọ́ tó sọ fún ọmọ kankan pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí Ìjàpá ń bá Erin dọ́gbọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ Long ni pé ó pa ààlọ́, ó sì fi èdìdì ẹlẹ́rìí lù ú. Ohun tí adájọ́ ní láti yẹ̀ wò ni ìlérí tí ìwé fúnra rẹ̀ ṣe fún ẹni tó ń kà á. Bí ó bá ní àròsọ ni òun, kí a fi ojú àròsọ wò ó. Bí ó bá ní ojú òun ló rí i, kí a bi í nípa ibi tó dúró sí.

Rachel Carson ni ẹlẹ́rìí mi kejì, orí ẹjọ́ tirẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí. Onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá inú omi ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko ìgbẹ́. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa òkun jáde ní Oṣù Kọkànlá 1941. Oṣù kejì rẹ̀ ni ogun àgbáyé wọ Amẹ́ríkà, ìwé náà kò sì rí ẹni rà á. Ọdún mẹ́wàá kọjá kó tó tẹ òmíràn jáde, The Sea Around Us. Kí ìwé yìí tó délé ìtàwé pàápàá, orí kan nínú rẹ̀ ti gba ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà ń fún àwọn tó bá kọ̀wé sáyẹ́ǹsì dáadáa. Ní 1952, ìwé náà gba Ẹ̀bùn Ìwé Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì gba mẹ́dààlì Burroughs lọ́dún kan náà. Ọ̀sẹ̀ 86 ló fi wà lára àwọn ìwé tó ń tà jù. Wọ́n tún ìwé àkọ́kọ́ tó ti kú tẹ̀, òun náà jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Inú 1952 yẹn ni Carson kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.

Ẹni tó ń fi òru kọ̀wé lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba wá di ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ fún ara rẹ̀. Ní 1962, ó tẹ Silent Spring jáde, ìwé tó ṣàlàyé ohun tí DDT àti àwọn oògùn apakòkòrò mìíràn ń ṣe fún ẹyẹ, ẹja, ilẹ̀ àti èèyàn. Àwọn iléeṣẹ́ kẹ́míkà gbógun tì í. Monsanto tilẹ̀ gbé àròkọ kan jáde tí wọ́n fi ṣe ìwé náà yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ta ni wọ́n ń bá jà? Obìnrin tí gbogbo ìlú ti mọ̀ fún ọdún mẹ́wàá pé tó bá sọ̀rọ̀ nípa omi, òótọ́ ló máa ń sọ. Ààrẹ Kennedy ní kí ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń gbà á nímọ̀ràn yẹ ọ̀ràn oògùn apakòkòrò wò; ìròyìn wọn jáde ní Oṣù Karùn-ún 1963, ó sì gbe ọ̀rọ̀ Carson lẹ́sẹ̀. Ó kú ní 1964. Ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de lílo DDT ní oko ní 1972. N kò sọ pé mẹ́dààlì ló fòfin de DDT. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọlá 1952 fún un ní àkókò láti ṣe ìwádìí, ó sì fún un ní orúkọ tí àwọn ọ̀tá kò lè fẹnu gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún un lọ́lá lórí irọ́ dídùn ní 1952 ni, orúkọ náà ì bá fọ́ ní 1962 lábẹ́ ìgbóná ojú àwọn onímọ̀.

Ẹni tó ń gbọ́ wa nílẹ̀ tí ibà ti ń pa ọmọ lè bínú sí ibi tí mo dé yìí. Àwọn kan ti kọ ọ́ káàkiri pé ìwé Carson ló gba DDT lọ́wọ́ Áfíríkà, pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀fọn pa wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀sùn ńlá ni, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Oko ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òfin 1972 kàn. Kò dí ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ láti fi DDT bá àìsàn jà. Àdéhùn Stockholm tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2001 pàápàá fi àyè sílẹ̀ fún lílò ó lórí kòkòrò tó ń gbé àìsàn kiri, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì tún kín in lẹ́yìn ní 2006 pé kí wọ́n máa fọ́n ọn sára ògiri inú ilé. Carson fúnra rẹ̀ kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn mọ́ láé. Ó kìlọ̀ pé bí a bá ń dà á káàkiri láìwọ̀n, ara àwọn kòkòrò á mọ́ ọn, oògùn ọ̀hún kò sì ní ràn wọ́n mọ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ jù. Ẹ̀rí tó pọ̀ nínú ìwé náà ni kò jẹ́ kó rọrùn láti fi ẹ̀sùn tí kò rí bẹ́ẹ̀ pa á.

Àtakò tó le jù lọ kò jìnnà, Nàìjíríà níbí ló ti wá. Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà rí, gba àmì-ẹ̀yẹ Right Livelihood ní 1994. Ó gba ti Goldman lórí àyíká ní 1995, nígbà tó wà látìmọ́lé. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kọkànlá 1995, ìjọba ológun so òun àti àwọn ọkùnrin Ògóni mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt. Lóòótọ́, ìjà tó ń jà lórí epo rọ̀bì tó ń ba ilẹ̀ Ògóni jẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ yẹ́ ẹ sí, kì í ṣe ìwé rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà dúró síbẹ̀: kí ni àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì ṣe fún un? Wọn kò gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ẹnikẹ́ni tó bá ń polongo pé ọlá jẹ́ ààbò fún òǹkọ̀wé, ẹ fi ọjọ́ yẹn hàn án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ ká fi kún un. Ní 2011, UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí àyíká, tẹ ìròyìn jáde lórí ilẹ̀ Ògóni. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n rí kẹ́míkà olóró benzene nínú omi kànga tí àwọn ará àdúgbò ń mu, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní ìlọ́po 900 ohun tí WHO ní kó má kọjá. Ohun tí òǹkọ̀wé náà ti ń pariwo láti ọdún pípẹ́ ni ẹ̀rọ wá wọ̀n. Gbogbo agbára tí àmì-ẹ̀yẹ ní kò ju pé kó jẹ́ kí ẹ̀rí pẹ́ láyé ju ẹlẹ́rìí lọ, títí ẹni tó ní ìwọ̀n yóò fi dé. Agbára kékeré ni. N kò ní sọ pé ó tó.

Bí a bá ti ń dárúkọ epo rọ̀bì, a ti dé orí ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Ẹ̀bùn ìwé tó lówó lórí jù ní Nàìjíríà ni The Nigeria Prize for Literature. Iléeṣẹ́ Nigeria LNG ló dá a sílẹ̀ ní 2004, láti 2011 sì ni owó rẹ̀ ti di $100,000. Gáàsì ni iléeṣẹ́ náà ń tà. Àwọn àgbà sì ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ṣé òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa gáàsì tí wọ́n ń sun lójú ọ̀run Niger Delta lè fi ọkàn balẹ̀ gbé ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀? Ní Britain, ìbéèrè yìí ti di ìjà gbangba. Nígbà tí Richard Flanagan, ọmọ erékùṣù Tasmania, gba Ẹ̀bùn Baillie Gifford ní 2024 fún ìwé Question 7, ó ní òun kò ní gba £50,000 tó wà níbẹ̀ títí iléeṣẹ́ ìdókòwò tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ yóò fi sọ bí yóò ṣe dín owó tó ní nínú iṣẹ́ epo àti irú rẹ̀ kù. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé tó ti lókìkí lè kọ owó tí ọ̀dọ́ tó ń háyà yàrá kan kò lè kọ̀, n kò sì gbà pé ọrùn ọ̀dọ́ yẹn ló yẹ ká gbé ẹrù náà lé. Ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ni mo ti ń wá ìwòsàn. Kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi yan ìwé kan sílẹ̀, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi ju òmíràn sílẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á. Owó tí a mọ ibi tó ti wá, tí a sì lè ka ìdájọ́ rẹ̀, sàn ju owó mímọ́ tí wọ́n pín nínú òkùnkùn. Owó kékeré tó mọ́ kò sì ṣòro rí tó bí a ṣe ń rò: Simon Armitage, akéwì ọba ilẹ̀ Britain, ló fi £5,000 tí wọ́n ń fún un lọ́dọọdún lórí oyè rẹ̀ dá Ẹ̀bùn Laurel sílẹ̀ fún àwọn ìwé ewì lórí àyíká, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020.

Àwọn kan tún ní àwọn olóyè inú ìmọ̀ nìkan ni irú ẹ̀bùn yìí ń dé ọ̀dọ̀ wọn. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ní 2020, Ẹ̀bùn Wainwright ní Britain lọ sọ́wọ́ Dara McAnulty, ọmọ ọdún 16 láti Àríwá Ireland, fún ìwé tó fi ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ lórí ẹyẹ àti kòkòrò ṣe. Kò ní oyè kankan. Ó ní ojú, ó sì fi ọjọ́ àti ibi sí ohun tó rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó la ti fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń dá ẹjọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjálá tí àwọn ọdẹ ń sun kún fún oríkì erin, ẹfọ̀n, ẹkùn, àgbọ̀nrín, ọ̀bọ, igi àti ẹyẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, ṣàlàyé pé bí ẹnìkan bá ń sun ìjálá níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n, ṣe ni wọ́n máa dẹtí sílẹ̀ kẹ́kẹ́. Bó bá ṣì í sọ, ọ̀kan nínú wọn á já lu ohùn rẹ̀, á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà á sì fi ohùn ìjálá gbèjà ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ adájọ́ nìyẹn o. Ojú agbo ni wọ́n jókòó sí, wọ́n sì ń ṣe ìdájọ́ wọn létígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, ìyẹn ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn adájọ́ ìgbàlódé lẹ́ẹ̀kan.

Olùgbọ́ tó mọ ìjálá dáadáa lè dá mi dúró níbí. Ó lè ní ohun tí àwọn akẹgbẹ́ yẹn ń ṣọ́ jù ni bí àwọn baba ṣe fi oríkì náà lé wọn lọ́wọ́, pé bóyá ẹfọ̀n ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú igbó lónìí kò kàn wọ́n púpọ̀. Mo gbà fún un. Ẹni tó sun oríkì erin láìṣì lè má tíì fojú kan erin rí láyé rẹ̀, pàápàá nísinsìnyí. Ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ka erin inú igbó Áfíríkà mọ́ àwọn ẹranko tó wà létí bèbè ìparun pátápátá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣì kù ní igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí Ògún ṣì ń kó àwọn ọdẹ wọ igbó lójoojúmọ́, ìdájọ́ ẹnu àti ìdájọ́ ojú kò jìnnà síra. Ẹni tó ń gbọ́ oríkì náà ti bá ẹranko ọ̀hún pàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lónìí, méjèèjì ti pínyà. Oríkì pé, ẹranko dín. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n rò pé àwa ni irú àmì-ẹ̀yẹ yìí tọ́ sí jù báyìí, kí ohun kan lè tún so ẹnu àti ojú pọ̀.

Wọ́n ti ń yẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá sí lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn odi ló ti ń dún jù. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, gba Ẹ̀bùn Ewì ti Commonwealth ní 1986 pẹ̀lú The Eye of the Earth, ìwé tí òkè Olósùnta àti igbó ìlú rẹ̀ kún inú rẹ̀. Tádé Ìpàdéọlá gba ẹ̀bùn Nigeria LNG ní 2013 pẹ̀lú The Sahara Testaments, ewì gígùn lórí aṣálẹ̀. Ní 2025, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Climate Fiction Prize ní Britain, Abi Daré tí wọ́n bí ní Èkó, tó ń gbé ní England, ló gbà á. And So I Roar ni ìwé rẹ̀, ó sì sọ nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe di ọ̀dá òjò ru àwọn ọmọbìnrin abúlé kan. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn fi kọ ọ́. N kò bá wọn jà. Ẹ̀bùn tó wà nílẹ̀ ni èèyàn ń kọ̀wé sí, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ̀bùn $100,000 yẹn sì ń gbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Carson gba mẹ́dààlì Burroughs, ó sọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó dun àwọn tó fún un: ó ní àwọn tó ń kọ̀wé nípa ẹyẹ àti igbó ti ń kọ ọ́ fún ara wọn jù. Ẹni tó ń gé ìrókò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tó ń dẹ pàkúté sí etí igbó Omo, ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lójú títì, Yorùbá ni wọ́n fi ń ronú. Ẹ̀rí tí wọn kò lè gbọ́ kò tíì dé kóòtù tó yẹ kó dé. Ẹyẹ kan wà tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Orúkọ Ìbàdàn ni J. H. Elgood tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958 fi sọ ọ́. Ilẹ̀ wa ni ilé rẹ̀, ìwé àwọn onímọ̀ ẹyẹ ni ìtàn rẹ̀ wà.

Àwọn kan á ní ìwé Yorùbá kò rí ẹni kọ ọ́ mọ́, ká tó sọ ẹni tó máa kà á, pé ẹ̀bùn kò lè dá ohun tí kò sí sílẹ̀. Ìtàn ìwé Yorùbá fúnra rẹ̀ ta ko èyí. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní àwọn ọdún 1930 ló pe ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde lọ́wọ́ D. O. Fágúnwà, ní 1938 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn títí di òní. Ìwé tó gbajúmọ̀ jù ní èdè wa, inú igbó ló ti ṣẹlẹ̀, ìdíje ló sì bí i. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n ti ń fún ìwé Kiswahili ní ẹ̀bùn tó lówó lórí láti 2015. Nílé, ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ ń fún ìwé Yorùbá ní ẹ̀bùn. Ọ̀nà ti wà; ohun tó kù ni pé kí ẹnìkan yà á sí igbó.

Bí ó bá wá di pé wọ́n fẹ́ dá irú ẹ̀bùn Yorùbá lórí igbó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, n kò fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bùn ìwé tó ti parí. Àpẹẹrẹ tó wù mí ni Ẹ̀bùn Nan Shepherd ní Scotland. Obìnrin yẹn kọ ìwé kan nípa àwọn òkè Cairngorm ní àwọn ọdún 1940, ó sì fi í sílẹ̀ nínú dúróò títí di 1977 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ń wá àwọn tí ohùn wọn kì í sábà dún nínú irú ìwé yìí, ó ń gba iṣẹ́ tí kò tíì parí lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá sì yege máa rí atẹ̀wé, á rí owó tí yóò fi jókòó parí rẹ̀. Ohun tí ẹ̀bùn ṣe fún Carson náà nìyẹn, àkókò. Tiwa tilẹ̀ lè gba ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù lọ́wọ́ ọdẹ tí kò lè kọ̀wé, nítorí pé ọjọ́ pẹ́ tí rédíò ti ń gbé ohùn àwọn asunjálá bí Àlàbí Ògúndépò dé inú ilé wa. Lórí ìjókòó adájọ́, kí olùkọ́ èdè wà níbẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ igbó wà níbẹ̀, kí ìyá eléwé-ọmọ wà níbẹ̀, kí onímọ̀ nípa igi náà wà níbẹ̀, kí olúkúlùkù wọn sì ní àṣẹ láti já lu ọ̀rọ̀.

Ibi tí wàhálà máa kọ́kọ́ wà ni orúkọ. Ilé ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn ní ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ àti ibi tí wọ́n ti já ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dárúkọ ewé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lè mú ẹ̀ka rẹ̀ kan lọ síbẹ̀ kí wọ́n fi wé e. Àmọ́ ewé kan náà lè ní orúkọ ọ̀tọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, ọ̀tọ̀ ní Ẹ̀gbá, ọ̀tọ̀ ní Ìlàjẹ, orúkọ kan náà sì lè jẹ́ ti ewé méjì. Kí àwọn adájọ́ gba gbogbo rẹ̀ wọlé, kí wọ́n kọ ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é ní Ìlàjẹ kò gbọ́dọ̀ pàdánù nítorí pé ọmọ Ọ̀yọ́ ló wà lórí àga ìdájọ́ lọ́dún náà.